Iwájú Píkọ́ọ̀pù Tí A Gbé Sókè

Owó tí mo fi ra búrẹ́dì kan àti tíì díẹ̀ ní Òmù-Àrán láàárọ̀ yìí ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odidi píkọ́ọ̀pù àlòkù nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti rà á, ẹnì kan ń fi iná jó irin pọ̀. Òórùn irin gbígbóná àti gíríìsì gbá mi nímú, n kò sì lè jẹ búrẹ́dì náà mọ́. Òórùn yẹn a máa gbé mi padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí yunifásítì.

Owó epo ti gbẹ lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tó gba ọ̀rẹ́ mi síṣẹ́ ní Èkó dá a dúró, ó sì fi gbogbo ohun tí wọ́n fún un ra píkọ́ọ̀pù tó ti gbó, ó kó ìyàwó rẹ̀ tó lóyún wálé. Ó fẹ́ máa kó iṣu láti àwọn oko tó wà lẹ́yìn Òwu-Ìsin. Ṣùgbọ́n lọ́rì ti gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àárín rẹ̀ fi yọ gọngọ bí ẹ̀yìn ewúrẹ́ tí ebi ń pa, ikùn píkọ́ọ̀pù a sì máa jókòó lé e. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló ni lọ́rì náà, òun nìkan ló sì ń kó iṣu ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ọ̀rẹ́ mi kò bá rí iṣu kó ní ìgbà ìkórè yẹn, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè é níbikíbi.

Kò sí owó sípírìn tuntun tí ì bá gbé ọkọ̀ náà sókè. Mẹkáníìkì wa, ọmọ Agbamu kan tó lẹ́nu bí abẹ, gé páìpù ńlá kan sí òrùka méjì. A gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, a tú sípírìn iwájú, a fi òrùka kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí, a sì dì wọ́n padà. Nígbà tí a sọ jáàkì kalẹ̀, imú ọkọ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," mẹkáníìkì wí, "ọkọ̀ yín ti di agbéraga. Kò ní kí ènìyàn mọ́."

A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rẹ́ mi ń fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń pa orí ọmọ.

Nílé wọn, àgbà ló máa ń jókòó síwájú nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ kó ẹrù àkọ́kọ́, ohun tó bá sì sọ lórí ẹrù náà ni abẹ gé. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ti kú, àbúrò bàbá yẹn ló kàn. Ó wọ agbádá, ó gbàdúrà gígùn, ó jókòó. Ọkọ̀ gba ọ̀nà oko kọjá láìfara kan nǹkan kan. Àwọn àgbẹ̀ pàtẹ́wọ́, a di iṣu kún ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn la tó rí àṣìṣe wa: ìgbà tí ọkọ̀ ṣófo la wọ̀n ọ́n. Bí ìdí rẹ̀ ti ń wọlẹ̀ lábẹ́ iṣu, bẹ́ẹ̀ ni imú rẹ̀ ń wo ọ̀run, táyà iwájú kò sì fi bẹ́ẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ìdajì kalẹ̀," ọ̀rẹ́ mi bẹ̀ ẹ́.

"Ẹrù àkọ́kọ́? Wọn kì í dín in kù nílé wa. Àbí o fẹ́ kí èrè ọwọ́ rẹ máa dín kù títí ayé?" Ó yọrí lójú fèrèsé, ó wo àwa méjèèjì. "Ṣebí ẹ lọ sí yunifásítì? Ìwé tẹ́ ẹ kà yóò wúwo díẹ̀. Ẹ gbé e gun bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Àwọn àgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì bọ́ sídìí sítíárìn. Mo jókòó lápá ọ̀tún, ọ̀rẹ́ mi lápá òsì, a di ara wa lọ́wọ́ mú.

Níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, òrùka apá òsì yọ. Iwájú ọkọ̀ já wálẹ̀ lápá ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi sì bọ́ kúrò nínú tèmi, ó ṣubú. Táyà gun ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Bàbá náà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ká etí agbádá rẹ̀ sókè, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ.

"Ṣé iṣu ò kán?" ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí lọ́rì rẹ̀ fi yọ; òun ló ti ní kó máa tẹ̀ lé wa bọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi kíá. Ó ní iṣu ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó. Ọ̀rẹ́ mi wà nínú koríko, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, títí wọ́n fi kó iṣu tán. Wọ́n tẹ́ àpò sórí iṣu kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí i, wọ́n sì gbé ọ̀rẹ́ mi lé e. Nílé ìwòsàn, orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún ilé bàbá náà, wọ́n ń kí i kú ewu, nítorí òun ni àgbà inú ọkọ̀. Ó ń dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló yọ òun.

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tí mo rí. Mo ti rò pé ẹni tó bá ṣìkà yóò sá fún ojú ènìyàn. Bàbá yìí kò rú òfin kankan. Gbogbo ohun tó ṣe bá àṣà ilé wọn mu. Ó fi àṣà náà sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọ̀nà oko sì padà di tirẹ̀ nìkan.

Ọ̀rẹ́ mi kú ní Èkó, nínú yàrá kan tó háyà. Mẹkáníìkì ti kú, ọtí ló gbé e lọ. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ti lọ tán. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wà, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́. Èmi náà ṣì wà. Bàbá náà wà. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, eyín rẹ̀ pé, ó sì ń sùn dáadáa.