Ìbéèrè Tí Ọ̀gá Wa Kórìíra

Títí dòní, bí olùkọ́ bá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?", ọ̀gá wa obìnrin tó kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà níwèé ní Agbowó ni mo máa ń rántí. Ẹni tó bá dán ìbéèrè yẹn wò, wọ́n á já ṣọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Àgbà á ní ó yé òun kí ojú má baà tì ọ́. Ní kó ṣe é, kí o máa wò ó."

Ọkọ wọn wà ní Àkúrẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ ọ̀gá àgbà pé kó gbé iṣẹ́ àwọn lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ojú wọn pọ́n.

"Mà, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mo mọ iṣẹ́ yìí jù, àwọn ò lè yọ̀ǹda mi. Wọ́n ní ṣé ó yé mi."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ó yé mi, sà."