Ta Ló Gbin Pèrègún Yìí?

Mo rántí ìgbà tí òórùn yíǹkì kì í kúrò lọ́wọ́ mi, ì báà jẹ́ ọṣẹ dúdú ni mo fi fọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ kẹrosíìnì. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbé e mì: ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Mo ti gboyè ní yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣèlú, oyè náà ló sì fún mi láṣẹ láti pinnu bóyá olóògbé kan “sùn nínú Olúwa” tàbí ó kàn “papò dà.”

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ kàwé, tí a jọ sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì kan náà títí a fi jáde. Òun ríṣẹ́ sí Àìlàǹdì, nínú ilé gíga kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, wọ́n sì fún un ní káàdì kan tó ń fi okùn so kọ́ ọrùn. Bàrígà ló ń gbé, nítòsí Ìlàjẹ. Òórùn ẹja yíyan ló ń kí i káàbọ̀ nírọ̀lẹ́ bó ṣe ń kí gbogbo ará àdúgbò, ṣùgbọ́n kì í yọ káàdì náà. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọjọ́ tó bá kú, ara pósí ni wọn yóò so ó mọ́. Àmọ́ tó bá ku èmi nìkan nínú yàrá, mo máa ń gbé okùn kọ́kọ́rọ́ mi kọ́ ọrùn níwájú dígí, kí n wò ó bóyá yóò yẹ mí. Àwọn àgbà ní ìlara àlàjù ní í mú ni gba àjẹ́. Tèmi kò tíì dé ibi àjẹ́. Ó ṣì wà níwájú dígí.

Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni mo ń gbé, ẹ̀yìn yàrá mi sì ni dẹ́kìn tí àwọn ayálégbé ń sá aṣọ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan síbẹ̀. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ewéko ló kọ́kọ́ gbé mi dé ibẹ̀. Mo kàn fẹ́ ní ohun kan tí ọ̀rẹ́ mi kò ní ni. N kò lówó ìkòkò, ṣùgbọ́n báńà, aṣọ rọ́bà tí a ń tẹ àwòrán èèyàn sí, tí ẹ̀rọ tẹ̀ bàjẹ́ pọ̀ ní ibi iṣẹ́ wa, mo sì ń rán wọn ní àpò, mo ń rọ erùpẹ̀ sínú wọn. Efinrin hù lábẹ́ àgbọ̀n bíṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ ni mo gbin ata sí ojú rẹ̀. Ó so ju gbogbo ìlérí rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ kí àwọn ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú, mo sì gé pèrègún bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ka pèrègún sí òdòdó. Ẹlẹ́rìí ni. Bàbá mi yóò mú ọ lọ́wọ́ dé ibi èyí tí bàbá tirẹ̀ gbìn sí ààlà oko, yóò ní, “Ibí ni tiwa dé.” Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó bá fa pèrègún ẹlòmíràn tu, ìjà ló ń wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá onílé wa náà. Ọjọ́ tó gun òkè wá sá aṣọ, tó rí pèrègún mi ní kọ̀rọ̀ dẹ́kìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sá aṣọ náà mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí sísàlẹ̀.

“Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O sì mọ ohun tí pèrègún wà fún.”

“Òdòdó ni mo fi ṣe, mà.”

“Bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ àbúrò mi nìyẹn. Òdòdó ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.”

Ó ní kí n kó gbogbo wọn sí àárín dẹ́kìn, kí ọ̀kankan má ṣe dé kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gba akunlé kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn onílé yòókù ń kọ tiwọn sí ògiri ìta. Ó ní kí wọ́n kọ tòun sí ibi tó dojú kọ ilẹ̀kùn yàrá mi.

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yí padà. Mo kàn rí i pé mo ti ń sáré bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí mo ń gba orí dẹ́kìn lọ kí n tó ronú oúnjẹ. Mo mọ ewé tó yọ lánàá yàtọ̀ sí èyí tó yọ lónìí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ; èmi ni mo pẹ́ lára ewé.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ mi wá kí mi. Ó yí àwọn pèrègún náà ká, káàdì ń mì lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Ọ́fíìsì wa gbẹ bí aginjù. Bá mi mú méjì níbẹ̀. Èmi náà á bá ẹ mú ìwé rẹ dé ọ̀dọ̀ màdáámù wa. Wọ́n fẹ́ gba èèyàn.”

Mo mú méjì fún un. Ká ní ó tọrọ eyín mi fún iṣẹ́ yẹn, mo lè yọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́, tí mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dára jù, tí mo ń lọ bomi rin pèrègún ní ọ́fíìsì gíláàsì. Omi náà kì í gba àkókò. Mo máa ń jókòó pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tútù yẹn, mo ń wo àwọn àga, mo ń yan èyí tí yóò jẹ́ tèmi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, màdáámù jáde síta. Ìwé mi ti dé orí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi. Obìnrin náà fọwọ́ pa ewé pèrègún.

“Ẹ wo bó ṣe ń dán,” ó wí fún ọ̀rẹ́ mi. “Ọwọ́ ẹ mà dára fún nǹkan gbígbìn.”

“Mo máa ń kí i láràárọ̀ kí n tó jókòó, mà. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń fẹ́.”

“Ta nìyí?” Èmi ló ń wò, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mi.

“Àbúrò kan tó ń bá mi bomi rin ín ni, mà.”

Mo ṣáájú rẹ̀ dáyé. Mo gbé e mì. Màdáámù ní òun ń kó lọ sí ilé tuntun, òun á fẹ́ irú rẹ̀ sí ẹnu géètì.

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìyá rẹ̀ gan-an wà nílé mi, mà. Ó ga ju èyí lọ. Mo máa gbé e wá lọ́la.”

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Kí n pa ẹnu mi mọ́, káàdì á dé ọrùn mi. Láti ọjọ́ tí a ti jáde yunifásítì ni mo ti ń ṣe ìlara ọkùnrin yìí, mo sì rò pé mo mọ gbogbo adùn àti ìkorò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbá mi láyà níbẹ̀ kì í ṣe ìlara. Owú ni, irú èyí tí ìyá ń jẹ bí ọmọ rẹ̀ bá pe ẹlòmíràn ní màmá.

“Kò sí ìyá pèrègún kankan nílé rẹ̀,” mo wí. “Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èmi ni mo gbìn ín, ààlà oko bàbá mi ni mo ti gé e. Kò sì ní lọ síbì kankan lọ́la.”

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. “Ó ń ṣeré ni, mà.”

“Mi ò ṣeré.”

Màdáámù wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àgbàlagbà méjì. Ewé lẹ ń jà lé lórí báyìí?” Ó wá kọjú sí mi. “Ó dáa, ìwọ oní-pèrègún. Tí mo bá gbé e sínú oòrùn, ṣé kò ní jó?”

Ibẹ̀ ni mo ti pàdánù iṣẹ́ náà pátápátá. Mo bi í léèrè ibi tí géètì rẹ̀ kọjú sí. Mo bi í ta ni yóò máa bomi rin ín, ṣé aládùúgbò rẹ̀ ń sin ewúrẹ́, ṣé ó máa ń rìnrìn àjò. Bàbá ìyàwó kò bi ọkọ ọmọ rẹ̀ léèrè tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Mo ka ìwé rẹ láàárọ̀. Kò sí èyí níbẹ̀.”

“Wọn kò bi mí, mà.”

“Mi ò lè gba ẹni tó ń bá èèyàn jà nítorí ewé sí ọ́fíìsì mi. Wá wo géètì mi ní Sátidé.”

Ọ̀rẹ́ mi kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá onílé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun kọ, bó bá wa ọgọ́rùn-ún iṣu òtítọ́ tán, kó máa wa ọgọ́rùn-ún irọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀. “Àmọ́ ìwọ náà, má gbin ọ̀kankan sí kọ̀rọ̀ ilé mi.”

Láti ẹnu géètì yẹn ni mo ti bọ́ sí ti aládùúgbò màdáámù, láti ibẹ̀ sí ọ́fíìsì kan, títí mo fi fi ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀. Mo ti háyà ilẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàrígà báyìí, níbi tí mo ti ń tọ́jú ewéko kí n tó kó wọn kiri. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi ń kí ara wa lórí fóònù lọ́jọ́ ọdún. Ó bi mí nígbà kan bóyá mo lè gba òun mọ́ iṣẹ́. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Mo ṣì ń rò ó.

Wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa tà á, yóò sì máa wò ó bó ṣe ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Onípanu kọjá, mo rí pèrègún tí mo tà fún aránṣọ náà nígbà tí kò tíì ju ọwọ̀ ìgbálẹ̀ lọ. Ó ti ga dé fèrèsé. Eruku títì ń bọ́ lé e lórí láti àárọ̀ dé alẹ́, síbẹ̀ ó ń dán ju èyíkéyìí tó wà lọ́dọ̀ mi. Mo fi ìka tẹ erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ bóyá ó gbẹ. Kò gbẹ. Mo wá kòkòrò sábẹ́ ewé, n kò rí.

Obìnrin náà yọjú. “Bọ̀dá, ẹ tún ti dé. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ o. Ó ti mọ̀ mí.”

“Mo rí i, mà,” mo wí. “Ọwọ́ yín dára.”

Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi bí ewúro. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo yí ọrùn wò ó títí a fi yà. Owú náà bá mi dé etí ọ̀sà. Mo pọn omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó kéré jù.