Máṣíìnì Tuntun fún Télọ̀ Inísà

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mo ti ń bá àwọn èèyàn wá ẹ̀yáwó. Èmi fúnra mi kò lówó tí mo lè yá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ bánkì tó ń yá àgbẹ̀ lówó, kí n mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àpò rẹ̀ kò tíì gbẹ, kí n mọ irú onídùúró tí wọn yóò gbà, kí n sì mú ẹni tí ara ń ni lọ síwájú ẹni tó ní. Ní Ìkìrun, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ti ń dúró dè mí láàárọ̀. Wọn á ní, "Bàbá Ẹ̀yáwó, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mọ̀ látinú ohùn ẹni tó ń kí mi bóyá ó sùn tàbí kò sùn.

Télọ̀ tó wá bá mi láti Inísà lọ́jọ́ Ajé kan kò sùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ààyè gbà ní yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣewọlé nìyẹn. Owó tí wọ́n ní kó san kò gbọdọ̀ kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí kò bá san án, ẹlòmíì ni wọn yóò fún ní ààyè náà.

"Bàbá, ẹ gbà mí," ló ń wí. "Ọmọ yìí ò jẹun mọ́. Ó ní tí èyí bá tún bọ́, òun á lọ máa báwọn fọ abọ́ l'Ékòó."

Mo bi í ní ohun tí mo máa ń bi gbogbo wọn. Ilé? Ilé ẹbí ni. Ilẹ̀? Ilẹ̀ ẹbí ni. Bánkì kankan kò ní wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ayánilówó orí fóònù ńkọ́? Ó mi orí. Ó ti yá lọ́wọ́ wọn rí. Nígbà tó pẹ́ kó tó san án, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ pé ọ̀daràn ni.

"Wọ́n fi ránṣẹ́ sí lèmọ́mù wa, Bàbá. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àna mi."

Nígbà tí èmi lọ sí yunifásítì, bàbá mi kò ta nǹkan kan. Ìwé kan ni mo fọwọ́ sí, ìjọba fún mi lówó, ó sì ṣẹ́kù débi tí mo fi ra bàtà. Adìyẹ ni wọ́n ń fún wa jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, a sì ń kùn pé itan rẹ̀ kéré. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá jókòó síwájú mi, itan adìyẹ yẹn ni mo máa ń rántí, ojú á sì tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ti ọmọ rẹ̀ mọ́ tèmi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Télọ̀ yìí wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn Mùsùlùmí kan ní Ìkìrun. Ẹgbẹ́ náà kì í gba èlé, kì í sì í fúnni lówó. Ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń rà, wọn á fi èrè díẹ̀ lé e, wọn á gbé e fún ẹni náà, yóò sì máa san án lóṣooṣù. Ó ti ń fi owó pamọ́ síbẹ̀ láti ọdún díẹ̀, nítorí máṣíìnì oníná, irú èyí tó ń sáré bí ìjì. Orí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gba ìdáǹdè lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ṣì wà.

Mo mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Mo lọ bá a lójoojúmọ́ títí ó fi gbà láti mú télọ̀ wa ṣáájú àwọn tó ń dúró de tiwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé máṣíìnì náà jáde tòun ti páálí rẹ̀, tábìlì rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Akọ̀wé ṣe àdúà, ó ní, "Ọ̀gá télọ̀, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i. Ẹ máa fi ránṣọ o, ẹ má lọ tà á o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Tà á kẹ̀? Ẹ̀yin náà!"

Láti ibẹ̀ la ti gbé e wọ ọkọ̀ Òkukù láti lọ tà á.

Nígbà tí a dé oríta Inísà, awakọ̀ pariwo, "Inísà ń sọ̀!" Obìnrin kan sọ̀. Télọ̀ náà kò wo ìta. Ó fọwọ́ lé páálí náà bí ẹni di ọmọ mú.

Mo ti bá obìnrin aránṣọ kan ní Òkukù yá owó jẹnẹrétọ̀ rí, ó sì ti sọ fún mi pé irú máṣíìnì yìí ló kù tí òun ń wá. Ó yí páálí náà po, ó wo ojú mi.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ti olè?"

"Irun orí mi yìí jọ ti olè?"

"Olè náà ń darúgbó o, Bàbá."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí a tò ó kí òun rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Télọ̀ náà jókòó, ó mú àkísà kan, ó fẹsẹ̀ kan ìtẹ̀sẹ̀ abẹ́ rẹ̀, máṣíìnì náà sì bú. Ó rán ìlà kan, ó rán èkejì. Ó mú àkísà mìíràn, ó gé e, ó pa á pọ̀, kí a tó mọ̀, kọ́là ẹ̀wù ti jáde, etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Kò dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," obìnrin náà wí. "Àbí ẹ ò tà á mọ́ ni?"

Ó dìde. Obìnrin náà dárúkọ iye tó fẹ́ san. Ó fi díẹ̀ ju ìdajì iye tí ẹgbẹ́ náà gbé e fún un, kò sì tó owó iléèwé.

A bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun náà ń gbọ́ bùkátà. Wọ́n pe ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, télọ̀ náà kò lè lọ. Fóònù rẹ̀ ń dún. Ọmọ rẹ̀ ni. Kò gbé e. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà mú kọ́là orí tábìlì, ó fi èékánná tẹ ìránsí rẹ̀. "Ta ló kọ́ yín ní kọ́là?"

"Ọ̀gá mi, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ."

"Màá fi èyí tó kù lé e. Ṣùgbọ́n ẹ máa wá rán kọ́là fún mi níbí lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ sì máa kọ́ àwọn ọmọ yìí, títí ohun tí mo fi lé e á fi tán."

"Orí máṣíìnì wo?"

"Èyí náà ni."

Ní ayé bàbá mi, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé owó tó yá. Mo ti rò pé àṣà yẹn ti parí. Télọ̀ náà wo máṣíìnì náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá."

Ọ̀dọ̀ oní-POS la ti fi owó náà ránṣẹ́ sí ọmọ náà. A dúró. Nígbà tí ó pè, igbe rẹ̀ jáde nínú fóònù débi tí oní-POS fi gbé ojú sókè: "Bàbá mi, ó ti wọlé! Mo ti san án!"

"Ó dáa," bàbá rẹ̀ wí. "Lọ jẹun."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, nígbà tí a kúrò ní Òkukù pátápátá, ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Mo yẹ gbogbo ibi tí mo mọ̀ wò nínú ọkàn mi. Ẹgbẹ́ náà kò ní fún un ní nǹkan mìíràn títí yóò fi san èyí tán. Bánkì kò ní dá a lóhùn. Àwọn ayánilówó orí fóònù kò ṣe é fọwọ́ kàn. Kò sí ẹni tó kù tí mo lè mú un lọ síwájú rẹ̀.

"A ó máa wò ó," mo wí.

Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní oríta Inísà, ó sọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún dúpẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ń pè é, ó ń fọwọ́ dá wọn lóhùn pé rárá, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sínú ìlú.