Ohùn Elégbè

Ẹ̀gbọ́n tíṣà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Yábàá kì í kọ ohùn tí gbogbo ayé ń kọ. Ó ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì àwọn olórin Jàmáíkà mẹ́ta kan kí àdúgbò tó mọ̀ wọ́n. Á ní, "Àbúrò, fi ẹni tó ń lé orin sílẹ̀. Elégbè ni kó o gbọ́."

Nígbà tí orin wọn wá gbòde, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́ wa, mo bá wọn dá sí i. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Orin wo lò ń kọ?" Ohùn elégbè nìkan ni mo mọ̀!

Mo fi ìbínú rò ó fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ó yá, kọ ọ́." Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló lé orin, èmi sì ń gbè é.

Ìyá onílé pariwo láti ilé ìdáná: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yẹn sókè díẹ̀!"