Kọ̀ Tí Mo Pè Ní Lọ

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Mọ́mì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sí ilé wa ní Kokomlemle, nílẹ̀ Gánà, pẹ̀lú èlùbọ́ àti ata gbígbẹ tó mú gbogbo ará àgbàlá sín. Èlùbọ́ dà sílẹ̀ níbi tí Mọ́mì ti ń tú ẹrù, wọ́n sì ní kí n gbá a. Kò sí àgbàlagbà tó máa ń ka ọmọ tó ń gbálẹ̀ sí. Ìyá Àgbà wò mí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kò tíì yọjú?"

"Ó kọ̀, Màámi."

"Ó kọ̀ kẹ̀?"

"Ó kọ̀ jálẹ̀."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí Mọ́mì sọ ti yé yín. Kò yé mi nígbà náà. Inú ilé nìkan ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá. Níta, Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀, la fi ń ṣeré, òun náà la fi ń jà, nínú Twi sì rèé, kọ ni lọ. Bí àwa ọmọbìnrin bá ń ta ampe, tí à ń fò tí à ń pàtẹ́wọ́, ẹni tó bá pàdánù, "Kọ!" la ó sọ fún un, yóò sì lọ dúró sẹ́yìn. Nítorí náà, ohun tí etí mi gbé wọlé ni pé bàbá mi lọ. Jálẹ̀ ló wá kù. Mo rò ó títí. Ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ohun tó bá sì já ti dópin nìyẹn. Mo gbà pé bàbá mi lọ dé ibi tí ilẹ̀ ti já.

Mo sì mọ ibẹ̀. Jamestown, létí òkun, ni Mọ́mì ti máa ń ra ẹja yíyan. Lẹ́yìn ilé gogoro oníná tó ń tànmọ́lẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, òkun ló kù. Bàbá mi ti wọ ọkọ̀ apẹja nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí a bá ti débẹ̀, èéfín á máa ta mí lójú, síbẹ̀ n ó dúró gbagidi, n ó máa wo àwọn tó ń fa àwọ̀n bọ̀ létí omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́mì á fa ọwọ́ mi: "Kí lò ń wò lójú olójú?" N kò sọ pé bàbá mi ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ó yà wọ́n lẹ́nu ni.

Lálẹ́, bí a bá ti jẹ kẹnkẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe àti ata tán, Ìyá Àgbà á pa ìtàn fún mi lórí ẹní. Ọ̀kan wà nínú wọn: ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ kó gbé ọbẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ àgbà ní òdìkejì odò. Ọmọ kọ̀. Ebi pa ìyá àgbà mọ́jú. Ìtàn yìí kó ìyọnu bá mi. Ọmọ lọ, ebi sì tún pa ìyá àgbà? Ọbẹ̀ dà? Mo fi ọgbọ́n ara mi dí àlàfo náà: ọmọ ti jẹ ọbẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí Ìyá Àgbà béèrè ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́, mo ní kí wọ́n má fi ẹran sí ọbẹ̀ tí ọmọdé bá máa gbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Ọlọ́gbọ́n lọmọ yìí." Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran lọ, kò sì sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún mi.

Ìyá Àgbà ti padà sílé nígbà tí ọjọ́ àwọn ọmọdé dé ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá, tí wọ́n ní kí n pa ìtàn. Mọ́mì jókòó sí ìlà kejì, inú wọn ń dùn. Mo pa ìtàn ọlọ́bẹ̀ náà láìkọsẹ̀. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ tó ń kọ́ wa béèrè ìdí tí ebi fi pa ìyá àgbà.

"Ọmọ ti jẹ ọbẹ̀ náà lójú ọ̀nà."

"Ṣebí o ní ó kọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ó kọ̀. Ó lọ."

"Kọ̀ kọ́ ni lọ, ìyàwó mi. Ẹni tó kọ̀ ò gbà láti lọ."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ọmọ Gánà ni, ẹ fi í sílẹ̀." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé bisikíìtì tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó bá pa ìtàn dáadáa ti ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé mo ní ẹ̀rí. Mo gbóhùn sókè: "Kọ̀ ni lọ. Bàbá mi náà kọ̀. Mọ́mì sọ fún Ìyá Àgbà pé wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n máa padà wá."

Ẹ̀rín dá. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mọ́mì tú gèlè tó dúró dáadáa lórí wọn, wọ́n sì tún un wé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí kí ó yé yín. Ìtìjú dé bá mi kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó dé. Kì í sì í ṣe pé mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ló ń tì mí lójú títí dòní. Ohun tí Mọ́mì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé ni mo gbé dé iwájú gbogbo ìjọ, mo fi ń du bisikíìtì.

Mọ́mì kì í jẹ́ kí n jẹun lójú títì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n ra kelewele fún mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín tí ata àti atalẹ̀ rẹ̀ máa ń ta lẹ́nu. Mo ń jẹ, mo ń sunkún. Mo béèrè bóyá ọkọ̀ bàbá mi ti rì.

"Ọkọ̀ wo?"

Mo ṣàlàyé ohun gbogbo: ampe, ilẹ̀ tó já, àwọn apẹja. Mọ́mì dúró lójú ọ̀nà.

"Ọ̀rọ̀ àgbà lo gbọ́, etí ọmọdé lo fi gbọ́ ọ. Kò wọ ọkọ̀ kankan. Tema ló wà. Ó ní o kì í ṣe ọmọ òun."

Tema. Ibi tí èèyàn ń wọ trotro, ọkọ̀ akérò lásán, lọ, tí á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tiwa, bí ọmọ bá dáhùn òdì, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó gbọ́wọ́ sókè. Ní báyìí mo ti jáde yunifásítì, mo ń sin ìlú nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, èmi ni mo ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ kéékèèké. Bí ọmọ bá dáhùn òdì, mo máa ń béèrè pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Kò sí ìgbà tí wọn kì í ní ìdí. Mo rò pé mo ti fi ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá mi pè láti Tema. Wọ́n gbọ́ pé mo ti kàwé jáde, wọ́n fẹ́ kí n wá kí àwọn. Inú bí mi. Inú mi sì dùn, ìdùnnú náà sì ń tì mí lójú, torí Mọ́mì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ àlòkù ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa tà ní ọjà Kantamanto, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Wọn ò gbójú sókè.

"Tema ò jìnnà," ni Mọ́mì wí. "Tó o bá fẹ́ lọ, lọ. Tó o bá kọ̀, mi ò ní bá ọ wí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ni kí n ṣe? Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé kí n kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa, torí etí mi ṣì ń gbọ́ méjèèjì.