Ẹni Tó Jókòó Ti Tóbi Nígbà Ìdánwò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ kan fò nínú eré láńgà ní Sabon Tasha, àdúgbò wa nílẹ̀ Hausa, mo sẹ́ àbúrò mi lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó na ẹgba sí mi kí n tó sẹ́ ẹ. Ẹnu ara mi ni mo fi sẹ́ ẹ, ohùn mi ò sì gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí mo fẹ́ bú àwọn èèyàn kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí n yọ ara mi sílẹ̀.

Tóbi ni àbúrò mi yẹn ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ́ńsùlù kì í sì í gbọ́ràn sí i lọ́wọ́. Bí ariwo bá sọ lójijì, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa mi síwá sẹ́yìn. Àmọ́ nílé, ta ló tó o? Láàárọ̀ ọyẹ́, tí ètè wa bá ti là, òun ló ń lọ ra ògì gbígbóná tí à ń pè ní kókó, pẹ̀lú kósáì, àkàrà àwọn Hausa. Tó bá dé, á pín in láìṣì í pín: tèmi, tirẹ̀, ti Màmá, ti Àǹtí Bọ́lá ẹ̀gbọ́n wa. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, á gé e sí mẹ́rin. Ọmọ tó mọ ìpín báyìí ni tíṣà ń pè ní dàkíkì, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe olódo.

Ohun mìíràn tún wà. Bí mo bá fi eré gbàgbé omi pípọn, Màmá á ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè. Kò ní pẹ́ tí Tóbi á fi wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tòun ti ọwọ́ lókè, bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Màmá á ní, "Ta ló ní kí ìwọ kúnlẹ̀?" Tóbi á túbọ̀ na ọwọ́ sókè. Ẹ̀rín á wá pa Màmá, ìyà mi á sì parí síbẹ̀.

Ilé ìwé wa wá ńkọ́? Pátákó ẹnu géètì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ilé ìwé náà lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń tọ́ aṣáájú ọ̀la. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí à ń wò láti ojú fèrèsé. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó bí òkú. Tó bá di ọjọ́ ìdánwò, tíṣà Tóbi á ju ẹgba sórí tábìlì, á lu agogo irin, á pariwo pé, "Ẹni tó bá féèlì, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un!" Ọkùnrin náà gbà pé ẹ̀rù ló ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa ni à bá ti di dókítà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, JSS mẹ́ta ni mo dé tí mo fi dúró.

Ilé wa náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Màmá á pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí a jọ ń gbé kọ́ḿpáùn. Wọ́n á yí Tóbi ká, wọ́n á da òróró sí i lórí, wọ́n á máa bú ramúramù: "Ẹ̀mí ìbẹ̀rù, jáde! Tóbi, má bẹ̀rù! Mo ní má bẹ̀rù!" Ọmọ tó ti gbàgbé pé ìdánwò wà, wọ́n á rán an létí títí ara rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ohùn tèmi ló sì máa ń ròkè jù.

Lọ́jọ́ kan, bí tíṣà ṣe lu agogo báyìí, Tóbi wọ abẹ́ dẹ́sìkì. Ó ya bébà ìdánwò sí wẹ́wẹ́, ó tọ̀ sára. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá rí òbí, ránṣẹ́ pè mí láti kíláàsì tèmi. Ó ní bí ẹnì kan láti ilé bá lè máa jókòó sẹ́yìn nígbà ìdánwò, kí Tóbi máa rí i, òun á gbà á láyè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jókòó sílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ́, àbí? Ọ̀sán ni kíláàsì tiyín ń ṣe ìdánwò. Ṣé wàá lè jókòó tì í láàárọ̀?"

Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kún ojú fèrèsé. Mo ní, "Rárá, mà. Kọ́ḿpáùn kan náà la kàn jọ ń gbé."

Tóbi ń wò mí láti abẹ́ dẹ́sìkì. Ọ̀gá náà ò tilẹ̀ wo rẹ́jísítà kó rí i pé orúkọ bàbá kan náà là ń jẹ́. Ẹni tó ń tọ́ aṣáájú ọ̀la nìyẹn o.

Mo délé, mo sọ fún wọn pé àgbàlagbà ni ilé ìwé ní kó wá, pé wọn ò gba ọmọdé. Iṣẹ́ ìjọba ni Màmá ń ṣe, wọn ò ní fún un láyè. Ló bá ku Àǹtí Bọ́lá, tó ń kọ́ṣẹ́ telọ lọ́dọ̀ Màmá Ṣèyí, tó sì kù díẹ̀ kó gba fíríìdọ́ọ̀mù.

Àǹtí Bọ́lá kọ́kọ́ lé àwọn olóróró lọ. Ó gbé àpótí sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi bébà sórí rẹ̀, ó ní kí Tóbi kàn ṣí i wò, kó sì lọ ṣeré. Nígbà tó yá, ó ní kó kọ orúkọ rẹ̀ nìkan. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lára, ó fi ìbéèrè kan kún un. Ó fi ṣíbí kan agolo omi wa jẹ́jẹ́ bí agogo ilé ìwé, lẹ́yìn náà ó kàn án kíkankíkan díẹ̀, títí Tóbi fi ń rẹ́rìn-ín sí i. Àǹtí Bọ́lá ò pariwo mọ́ ọn rí.

Láwọn ọjọ́ ìdánwò, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń ká etí aṣọ kan. Tíṣà ní, "Ilé ìwé ti di ṣọ́ọ̀bù telọ nìyí!" Àǹtí Bọ́lá ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Tóbi á yíjú wẹ̀yìn, á rí i tó ń fa òwú, á tún kọ̀wé lọ. Kò gba ipò kìíní, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó kọ ìwé rẹ̀ tán, ṣòkòtò rẹ̀ sì gbẹ.

Màmá Ṣèyí ò dárí jì í. "Bọ́lá, ṣé o fẹ́ padà sí púráímárì ni? Gbogbo ọjọ́ tó o fi jókòó síbẹ̀, wàá sìn mí padà." Ó sún fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ sí ọdún kejì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba tiwọn, òun ló ń gbé ìrẹsì kiri fún àlejò wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ò lè dúró, ó mú ẹlòmíì. Títí di òní, ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù ni Àǹtí Bọ́lá ti ń ránṣọ.

Nǹkan ti yí padà lóòótọ́. Ilé ìwé àdúgbò wa ti ní àǹtí kan tó ń jókòó ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, agogo wọn sì ń kọrin. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ní géètì pé, "Tó o bá féèlì, má padà sílé mi!" Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó tan orin ìyìn, ó lọ.

Tóbi ti dàgbà. Ó ń bá wọn to ẹyin ní oko adìyẹ kan ní ọ̀nà Kachia, ẹyin kì í sì í fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá á ní, "Ẹ̀gbọ́n gidi!" Èmi aláìnítìjú á tẹrí ba, á gba oyè náà.

Tí Àǹtí Bọ́lá bá sì ń rántí ìgbà yẹn, á ní, "Ká ní wọ́n gba ọmọdé ni, ìwọ lò bá jókòó tì í. Mo mọ̀ ẹ́." Mo jẹ ẹ́ ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀ rí ni mo lè sọ ọ́ fún, òun tí mo jẹ ní gbèsè rẹ̀, mo ṣì ń dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi."