Ẹni Tó Pè Mí Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Yọ Àpò Òróòro Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mi ò fẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi gbọ́. Bí mo bá purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnu mi má tọ́ iyán wò mọ́. Ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ mọ bí ìbúra yẹn ṣe wúwo tó.

Òkúta ló kún inú àpò òróòro mi. Bí mo bá ti jẹ àkàrà tàbí ọbẹ̀ tó lépo dáadáa, abẹ́ ìhà ọ̀tún mi á máa gún mi títí dé ẹ̀yìn. Dókítà ní àfi kí wọ́n yọ àpò náà. Mo bi í pé ṣé èèyàn lè wà láàyè láìní òróòro. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, pé àpò kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Abẹ́rẹ́ oorun ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá sùn, ṣé màá jí? Oyún Bùsọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti tó bí. Ta ni yóò wẹ ọmọ náà bí mi ò bá sí?

Wọ́n ní kí n má jẹ, kí n má mu láti alẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mi ò tíì ṣe àmín tí oorun fi gbé mi lọ.

Lọ́sàn-án, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ mi. Ojú mi ò ṣí. Ẹ wò ó, ìlú Ijan ni màmá àgbà, ìyá ìyá mi, ti tọ́ mi, ó sì ti fa etí mi lóko nítorí pé mo dáhùn ìpè tí mi ò rí ẹni tó pè mí. Ó ní òkú lè máa pe èèyàn. Bí mo ṣe panu mọ́ nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi tiẹ̀ ń dùn pé mo gbọ́n.

Wọ́n ń pè, mo dákẹ́. Ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹnì kan ní kí wọ́n sáré pe dókítà.

Ìgbà náà ni òórùn aṣáà gba imú mi. Ẹnì kan rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí, ó fi oríkì mi pè mí, èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè mọ́ látìgbà tí a ti sin màmá àgbà, tí aṣáà kì í wọ́n nímú rẹ̀.

"Àjọkẹ́, má dá mi lóhùn o. Àwọn nọ́ọ̀sì ni kó o dá lóhùn. Padà s'ulé, ọmọ ń bọ̀."

Ẹnu mi ṣáà là, mo ní, "Mà."

Ojú mi ṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń dúpẹ́, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín pé màmá àgbàlagbà ń pe àwọn ọmọdé ní mà. Wọ́n rò pé àwọn ni mo dá lóhùn.

Ìyókù ò le. Ojú ihò kéékèèké ni wọ́n dá sí mi nínú. Èjìká ọ̀tún dùn mí gan-an, mo rò pé màmá àgbà ló dì í mú. Dókítà ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn mi ni, yóò lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n mú mi rìn. Ògì ni mo kọ́kọ́ mu, lẹ́yìn náà oúnjẹ tí epo rẹ̀ ò pọ̀. Wọ́n ní kí n má gbé ẹrù wúwo, kí n má sì gúnyán fúngbà díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ń pààrọ̀ báńdéèjì mi, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Mọ́mì, ta ló ń fín aṣáà nígbà tí a ń jí yín? Gbogbo wa la gbọ́ òórùn ẹ̀."

Bùsọ́lá bí obìnrin. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, ayọ̀ mi kún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìnkùlé wa ládùúgbò Òkè-Ìlá, aṣáà tún rùn, ẹnì kan sì pè mí lẹ́yìn pé, "Àjọkẹ́." Mi ò wẹ̀yìn, mi ò dáhùn. Ọmọ Bùsọ́lá tí mo gbé lọ́wọ́ ló wo orí èjìká mi kọjá, tó rẹ́rìn-ín sí ẹni náà.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ mọ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì yín dáadáa kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ tètè dáhùn. Ṣùgbọ́n bí àgbà yín kan bá wá ràn yín lọ́wọ́, tó ní kí ẹ má dá òun lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn pé "Mà," kó má di pé ó ń pè yín kiri bíi tèmi.